Ọmọ Ọkọ̀

Àwa Yorùbá a máa fi ìyá àti ọmọ sọ orúkọ ohun èlò. Bí a bá gbé odó kalẹ̀, ọmọ odó ni igi tí a fi ń gún nǹkan nínú rẹ̀. Bí a bá gbé ọlọ kalẹ̀, ọmọ ọlọ ni òkúta kékeré tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì tì síwájú tì sẹ́yìn lórí rẹ̀ títí ata yóò fi kúnná. Ọpọ́n ayò pàápàá ní ọmọ tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àwọn orúkọ wọ̀nyí yóò rí i pé kì í ṣe nítorí pé ọmọ kéré ju ìyá lọ nìkan ni a ṣe pè é ní ọmọ. Iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ gbẹ́ ìyá, ọwọ́ ọmọ ni ó wà. Odó tí kò ní ọmọ kò yàtọ̀ sí àpótí ìjókòó; ọlọ tí kò ní ọmọ kò yàtọ̀ sí òkúta ẹ̀yìnkùlé.

Ní Ìfàkì-Èkìtì tí a ti bí mi, níbi tí ọ̀pọ̀ àgbà kò ti gbà pé àwọn jẹun bí kò bá ṣe iyán ni wọ́n jẹ, kò sí obìnrin ilé tí kò mọ̀ pé yíyan ọmọ odó ní ọgbọ́n nínú. Bí ọmọ odó bá fúyẹ́ jù, iyán yóò ní kókó. Bí ó bá wúwo jù, apá yóò ti ro ẹni tí ń gún un kí iyán tó jinná sí ojú odó. Bí ó bá kúrú jù, ẹni tí ń gún un yóò máa tẹ̀ bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. A kì í mú ọmọ odó ata lọ gún iyán, a kì í sì í mú ọmọ odó iyán lọ gún ata. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, bí àwọn àgbà ti wí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi í sọ́kàn pé ohun mẹ́ta ni ìwọ̀n yìí dúró lé: inú odó tí yóò gba ọmọ náà, ohun tí a fẹ́ gún, àti apá ẹni tí yóò gbé e sókè.

Ohun tí ó mú mi ro ọ̀rọ̀ ọmọ odó jinlẹ̀ tó báyìí kì í ṣe iyán rárá. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní ẹ̀bá Southampton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ó bá àwọn tí ń fi ọkọ̀ ìgbòkun gbafẹ́ kẹ́gbẹ́, nígbà tí ó sì yá, ó ra ọkọ̀ àlòkù kan tí ó gùn tó mítà 9 àti ààbọ̀. Ní ọjọ́ kan ó pè mí lórí fóònù. Ìbéèrè méjì ni ó ní. Èkínní, kí ni Yorùbá ń pe ọkọ̀ kékeré tí ọkọ̀ ńlá máa ń gbé rìn? Èkejì, báwo ni ó ṣe yẹ kí irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ tóbi tó? Ó ní, “Bàbá, ti àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ yín. Ti èkejì, mo kàn fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ máa sọ ni.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi lè bi mí pé kí ni ó kan ará Èkìtì kan ọkọ̀ ojú omi. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ wa. Oríta ni Ìfàkì jẹ́: ẹni tí ó bá ti Adó bọ̀ lè gba ibẹ̀ yà sí Ìdó, ó sì lè gba ibẹ̀ yà sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé; ọkọ̀ orí ilẹ̀ sì ni gbogbo ọkọ̀ tí ń kọjá níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ rí omi tí ó tẹ́jú lọ salalu ní agbègbè wa, àfi kí a lọ sí adágún ìsédò Ẹ̀rò ní Ìkùn-Èkìtì. Síbẹ̀, bí mo ti ń ro ìbéèrè ọmọ náà síwájú sẹ́yìn, mo rí i pé ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ nípa ọmọ odó gan-an ni ó ń wá.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọkọ̀ ìgbòkun fi nílò ọmọ. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìdí tí ó gùn wọ inú omi lọ, tí ó sì kún fún irin wíwúwo, kí atẹ́gùn tí ń fẹ́ lu ìgbòkun má baà dà á dé. Nítorí ìdí gígùn yìí, kò lè sún mọ́ etí omi tí kò jìn. Níbi tí kò bá ti sí èbúté, ojú ibú ni yóò ju ìdákọ̀ró sí. Bí ẹni tí ó ni ín kò bá sì fẹ́ san owó gọbọi tí wọ́n ń gbà ní èbúté àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́, àárín odò ni yóò so ó mọ́, bí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, ọkọ̀ kékeré ni yóò máa gbé èrò, oúnjẹ, omi mímu àti epo lọ, tí yóò sì máa gbé wọn bọ̀. Ìyá lè la òkun já láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ tí ó kẹ́yìn, iṣẹ́ ọmọ ni.

Lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, n kò wá ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì Mímọ́ sí èdè wa ti bá irú ọkọ̀ yìí pàdé nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27, níbi tí wọ́n ti ń gbé Pọ́ọ̀lù lọ sí Róòmù; ìgbájá ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn mọ́. Mo sọ fún ọmọ náà pé bí ó bá ń bá oníwàásù sọ̀rọ̀, kí ó pè é ní ìgbájá. Bí ó bá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó pè é ní ọmọ ọkọ̀, nítorí ẹni tí ó bá ti gún iyán rí yóò mọ ohun tí ó ń wí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìtàn inú orí yẹn yẹ ní àtúnkà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra ọmọ ọkọ̀. Wọ́n ń fi okùn fa ìgbájá náà tẹ̀lé ọkọ̀ lẹ́yìn nígbà tí ìjì dé. Ìgbà tí wọ́n rí ẹ̀yìn erékùṣù kékeré kan sá sí ni wọ́n tó lè fà á mọ́ra kí wọ́n sì gbé e sókè, tìyọnu-tìyọnu sì ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ ilẹ̀ lóru, àwọn atukọ̀ sọ ìgbájá sí omi. Wọ́n díbọ́n pé ìdákọ̀ró ni àwọn fẹ́ lọ jù sí iwájú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ sá lọ ni wọ́n fẹ́ sá lọ. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún balógun ọ̀rún, àwọn ọmọ-ogun sì gé okùn ìgbájá náà, ó bá omi lọ. Ènìyàn 276 ni ó wà nínú ọkọ̀ ńlá yẹn. Ọmọ tí ó lè gbé ìwọ̀nba atukọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè gbé gbogbo èrò ti di ohun tí àwọn kan fẹ́ torí rẹ̀ da àwọn yòókù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ọkọ̀ fọ́, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lúwẹ̀ẹ́, àwọn yòókù di pákó mú, gbogbo wọn sì gúnlẹ̀ láyè.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ìtàn òkèèrè lásán ni èyí, kí ó rántí Èkó. Ní ẹnu ọ̀sà Èkó, òkìtì iyanrìn kan wà lábẹ́ omi láyé àtijọ́ tí ọkọ̀ ogun ńlá kò lè gorí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè ní ọdún 1851, ojú òkun gbangba ni àwọn ọkọ̀ ńlá wọn dúró sí. Àwọn ọkọ̀ èéfín tí kò tóbi púpọ̀ àti ọ̀wọ́ àwọn ọmọ ọkọ̀ tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ láti ara àwọn ìyá wọn ni ó wọlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn ará Èkó lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá, wọ́n tún dé, pẹ̀lú ọkọ̀ èéfín méjì, Bloodhound àti Teaser, àti ọmọ ọkọ̀ tí ó kún fún ọmọ-ogun àti ohun ìjà. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ 28, Kòsọ́kọ́ ti sá kúrò ní ìlú, wọ́n sì fi Akítóyè jẹ ọba padà. Èyí ni ogun tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ogun Àgídìngbì. Bí a bá ń ka àwọn ohun tí ó yí ìtàn ilẹ̀ wa padà, ó yẹ kí a ka àwọn ọkọ̀ kéékèèké wọ̀nyẹn mọ́ wọn.

Lẹ́yìn ogun náà pẹ̀lú, ọdún púpọ̀ kọjá tí ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọ Èkó. Inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń kó èrò sí, wọn a fi ẹ̀rọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ńlá sínú ọkọ̀ kékeré tí ìgbì ń gbé sókè-sódò. Àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n tò sínú òkun ní ẹnu ọ̀sà náà ni ó jẹ́ kí ojú ọ̀nà jìn tó, tí ọkọ̀ òkun fi lè máa wọlé nígbà tí yóò fi di ọdún 1914. Ohun tí mo rí kọ́ nínú èyí ni pé ibi tí ìyá kò lè dé ni a torí rẹ̀ ní ọmọ. Ẹni tí yóò yan ọmọ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wo ẹwà ìyá nìkan. Omi tí ó wà láàrin ìyá àti ilẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ wò. Bí omi náà bá parọ́rọ́, tí kò sì fẹ̀, kékeré tó. Bí ó bá fẹ̀, tí ìṣàn rẹ̀ le, tí atẹ́gùn sì ń dà á rú, bí ó ti rí ní agbègbè Southampton lọ́pọ̀ ìgbà, kékeré lè di ikú.

Mo ní kí ó wọn ọkọ̀ rẹ̀ fún mi. Láti ẹsẹ̀ òpó ìgbòkun dé iwájú, mítà 2.8 ni àyè tí ó ṣófo. Ọ̀nà mẹ́rin ni ìyá lè gbà gbé ọmọ. Ó lè dojú rẹ̀ dé sí iwájú yìí, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí àwọn atukọ̀ ń gbà lọ sídìí ìdákọ̀ró yóò há, awakọ̀ kò sì ní í rí iwájú dáadáa. Ó lè fi í kọ́ sórí apá irin méjì ní ìdí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹrù á wọ ìdí, ìgbì ńlá láti ẹ̀yìn sì lè já a. Ó lè fi okùn fà á. Àwọn tí ó bá Pọ́ọ̀lù rìn ti fi ohun tí ó wà nínú ìyẹn hàn wá. Bí ó bá sì jẹ́ ọkọ̀ rọ́bà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ó lè jò ó, kí ó ká a bí ẹní, kí ó sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n yóò máa tún un fẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ lò ó, ọmọ tí ó wà ní kíká kò sì wúlò fún ẹni tí ó bá nílò rẹ̀ kíákíá.

Ọ̀rọ̀ àyè yìí ni ó mú Joshua Slocum ṣe ohun tí àwọn atukọ̀ kò gbàgbé títí di òní. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó dá nìkan fi ọkọ̀ ìgbòkun yí ayé ká, láti ọdún 1895 sí 1898. Ẹsẹ̀ bàtà 36 àti ínṣì 9 ni gígùn ọkọ̀ rẹ̀, Spray. Ọmọ ọkọ̀ odindi gùn ju àyè tí ó ní lọ, ó sì wúwo ju ohun tí ẹnì kan ṣoṣo lè máa gbé sókè. Kí ni bàbá yìí ṣe? Ó mú ọkọ̀ apẹja àlòkù kan, ó fi ayùn rẹ́ ẹ sí méjì ní ìdábùú, ó kan pákó dí ibi tí ó gé, ó sì gbé ààbọ̀ náà lọ yí ayé ká. Ó ń fi í dé èbúté, ó ń fọṣọ nínú rẹ̀, ó sì tún ń wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1895, Spray gúnlẹ̀ sórí iyanrìn ní etíkun Uruguay. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọmọ ni yóò gbé ìdákọ̀ró lọ sí ojú ibú, kí wọ́n lè fi okùn rẹ̀ fa ìyá kúrò lórí ilẹ̀. Àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Slocum di ìdákọ̀ró àti okùn wíwúwo ru ààbọ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ó wà á wọ inú ìgbì. Ẹrù pọ̀ ju ọmọ náà lọ, omi ń wọlé. Kò pẹ́ tí ó ju ìdákọ̀ró sílẹ̀ ni ọkọ̀ dojúdé. Bí ó ti di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú ni ó rántí pé òun kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó gbìyànjú léraléra kí ó tó rí i yí padà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi lọ. Ọmọ tí ó ṣe rẹ́gí lórí ẹ̀yìn ìyá kò tó nǹkan lọ́jọ́ tí ìyá ní kí ó gbé òun.

Èyí mú wa dé orí ẹrù. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ kéékèèké wọ̀nyí máa ń kọ iye ènìyàn tí ó lè gbé sára rẹ̀. Iye náà, ti omi tí ó parọ́rọ́ ni. Kò ka àpò oúnjẹ, kò ka kẹ́ẹ̀gì omi, kò ka ìgbì. Àwa ní tiwa sì ní àṣà kan tí ó ti wọ̀ wá lẹ́wù: bí ibi ìjókòó bá ti wà, a gbà pé ọkọ̀ kò tíì kún. Takisí tí a ṣe fún ẹni mẹ́rin ń gbé mẹ́fà láti Ìfàkì lọ sí Adó. Kọ̀ńdọ́ dáńfó ń pariwo pé ó ku ẹnì kan nígbà tí ó ti ku àyè ìka ẹsẹ̀. Lórí ilẹ̀, ooru àti ìfúnpá ni a fi ń san gbèsè ìwà yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Omi kì í gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ kan tí ó ń gbé àwọn tí ó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ dànù sínú odò Ọya ní agbègbè Pàtẹ́gì ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí ó pààlà pẹ̀lú Èkìtì wa. Ó ju 100 ènìyàn lọ tí ó kú. Gbogbo wọn ni ó rí àyè nínú ọkọ̀ náà. Àyè nínú ọkọ̀ kọ́ ni ó gbé ọkọ̀ ró, bí kò ṣe bí etí rẹ̀ ti ga sí omi tó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ka àwọn ará ilé rẹ̀ fún mi: òun, ìyàwó rẹ̀, ọmọ méjì. Ọkọ̀ mẹ́rin ni ó rí ní ọjà. Ọ̀kan jẹ́ rọ́bà tí ó gùn ní mítà 2, tí ó wọ̀n tó kílò 18, tí wọ́n kọ ènìyàn méjì sí. Èkejì jẹ́ rọ́bà mítà 2.6, kílò 30, ènìyàn mẹ́rin. Ẹ̀kẹta jẹ́ rọ́bà mítà 3.2, kílò 50, ènìyàn márùn-ún. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ọkọ̀ oníke líle, mítà 2.3, kílò 45, ènìyàn mẹ́ta. Èyí tí ó kéré jù ni ọkàn rẹ̀ fà sí, nítorí pé ó wà lórí ìyá rẹ̀ bí fìlà tí ó bá orí mu, ó sì lè fi ọwọ́ kan gbé e. Ó ní ìyàwó òun fẹ́ràn ọkọ̀ oníke líle, nítorí pé irú rẹ̀ ń gbọ́ àjẹ̀ ju rọ́bà lọ. Atẹ́gùn máa ń fẹ́ rọ́bà kiri bí ewé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ sí i. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ń gbèrò láti lọ kí ọmọ wọn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àwọn òyìnbó. Wọ́n pè mí láti Ìfàkì. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, ọmọ ọkọ̀ tí ìwọ àti ọmọ mi ń sọ yìí, ṣé ó lè gbé mi? N kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ o, orúnkún mi sì ń dùn mí.” N kò lè fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń dùn mọ́ mi bí àlọ́ àpamọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi.

Mo pe ọmọ náà padà, mo sì sọ fún un pé kò tíì ka èrò rẹ̀ pé. Èrò márùn-ún ni, ọ̀kan nínú wọn kò lè fò, kò lè bẹ̀rẹ̀, kò sì lè wẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá. Ó di èyí tí ó gùn ní mítà 3.2 nìyẹn.” Ó dàbí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí, nítorí pé márùn-ún ni wọ́n kọ sára rẹ̀, márùn-ún sì ni èrò. Ṣùgbọ́n mo bi í pé níbo ni yóò gbé e sí? Àyè mítà 2.8 kò gba mítà 3.2. Lẹ́yìn ọkọ̀ ni yóò máa fà á, nínú omi tí ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé ó máa ń ru. Ta ni yóò sì bá a gbé kílò 50 sókè, láìka ẹ̀rọ tí ń tì í? Apá tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ ni ó wà ńlẹ̀. Ọmọ odó tí apá kò gbé sókè kò lè gún iyán, bí ó ti wù kí ó tóbi tó.

Nígbà náà ni mo rán an létí àlọ́ ọkùnrin tí ó fẹ́ kó kìnnìún, ewúrẹ́ àti iṣu sọdá odò nínú ọkọ̀ tí kò lè gbà ju òun àti ọ̀kan lọ. Kò sí ẹni tí ń pa àlọ́ yẹn tí ó sọ pé kí ọkùnrin náà lọ wá ọkọ̀ ńlá. Ète rẹ̀ ni láti mọ ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọdá. Ọkọ̀ mítà 2.6 yóò wà lórí ìyá rẹ̀. Ọwọ́ ẹni méjì yóò gbé e. Bí ó bá sì jẹ́ ènìyàn mẹ́ta ni ó ń gbé dípò mẹ́rin, etí rẹ̀ yóò ga sí omi. Ní ìrìn àkọ́kọ́, bàbá yóò gbé ìyá àgbà àti ọmọ kékeré. Ní ìrìn kejì, yóò gbé ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ àgbà. Kò sí ìgbà kankan tí ọmọdé yóò dá wà, yálà nínú ọkọ̀ ìgbòkun tàbí ní etí omi. Ohun tí ọmọ kò tóbi tó láti ṣe lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ oníke líle. Òótọ́ ni pé ó ń gbọ́ àjẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn bá gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ irú rẹ̀, ó ń yẹ̀ lábẹ́ ẹni. Rọ́bà tí ikùn rẹ̀ tóbi lọ́tùn-ún lósì kì í tètè yẹ̀. Ó dúró bí ẹní. Nítorí ẹsẹ̀ ìyá àgbà ni a fi yan rọ́bà, ọmọ náà sì gbà láti ra ẹ́ńjìnnì kékeré kan nítorí ìjàǹbá atẹ́gùn, pẹ̀lú okùn tí a ń so mọ́ awakọ̀ lára, tí yóò pa ẹ́ńjìnnì náà bí awakọ̀ bá ṣubú sómi. Olúkúlùkù yóò wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí ó tó fi ẹsẹ̀ kúrò nínú ìyá, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti jókòó nínú ọmọ.

Mo bá a sọ ohun kan sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da ohun méjì pọ̀. Ọmọ ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ̀ agbẹ̀mílà. Nígbà tí Titanic rì ní oṣù kẹrin ọdún 1912, ó ju 2,200 ènìyàn lọ tí ó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ kéékèèké 20 ni ó gbé, gbogbo wọn kò sì lè gbà ju 1,178 lọ. Ó ju 1,500 ènìyàn lọ tí ó kú. Òfin ìgbà náà kò ka orí èrò. Bí ọkọ̀ ti tóbi tó ni ó wò, òṣùwọ̀n rẹ̀ sì dúró lórí tọ́ọ̀nù 10,000, nígbà tí Titanic ju 46,000 lọ. Ọmọ tí ń gbé wa lọ sí ilẹ̀ lè lọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ìyá ṣì wà láti dúró dè é. Èyí tí yóò gbà wá lọ́jọ́ tí ìyá bá rì kò ní ìrìn kejì. Nítorí náà, ọkọ̀ agbẹ̀mílà rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó wà ní dídì sínú àpótí tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi í dé ọjà.

Àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àṣà kan tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Orúkọ ìyá ni wọ́n máa ń kọ sára ọmọ ọkọ̀. Wọn a kọ T/T ṣáájú rẹ̀ láti fi hàn pé ọkọ̀ báyìí ni ó ni ín. Ní tiwa, orúkọ ọmọ ni a fi ń pe ìyá: Ìyá Táyé, Ìyá Bọ́sẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí léèrè èwo ni kí òun tẹ̀lé. Mo ní kí ó kọ orúkọ yòówù tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n kí ó fi ọ̀dà pa iye tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà kọ sí i rẹ́, kí ó kọ 3 sí ipò rẹ̀, kí ó sì kọ ọ́ tóbi débi pé ẹni tí ó bá dúró lórí ìyá yóò rí i kà kí ó tó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀.